Ilé Tí Kò Ní Baálé: Bí Wọ́n Ṣe Dá Líìgì Rọ́gíbì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Sílẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1871, ọkùnrin 32 péjọ sí ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní Pall Mall Restaurant láàárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Kíláàbù rọ́gíbì 21 ló rán wọn wá. Ó yẹ kí wọ́n pé 22, nítorí Wasps náà yan aṣojú. Aṣojú múra, ó dágbére, ó jáde nílé, kò sì dé ibẹ̀. Àwọn ará Wasps fúnra wọn ló máa ń sọ ìtàn yìí, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Àwọn kan ní ọjọ́ ló ṣì kà. Àwọn kan ní ilé ọtí mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ló yà sí, àti pé ìgbà tó fi máa yé e pé òun ti ṣìnà, ọtí ti pa á, kò lè dìde mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Wasps kò ṣe sí nínú ìwé àwọn tó dá Rugby Football Union sílẹ̀, àjọ tí gbogbo ayé ń pè ní RFU títí dòní.

Algernon Rutter ni wọ́n fi jẹ ààrẹ. Wọ́n wá yan agbẹjọ́rò mẹ́ta, ọmọ iléèwé Rugby ni gbogbo wọn, pé kí wọ́n kọ òfin eré náà sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn, L. J. Maton, ti kán lórí pápá, orí ibùsùn ló wà. Wọ́n ní àwọn méjì tó kù bá a dúnàádúrà pé bó bá lè dá gbogbo rẹ̀ kọ, àwọn á máa ra tábà tí yóò máa fà wá fún un. Ó gbà. Òfin 59 ló ti orí ibùsùn yẹn jáde: bí wọ́n ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù olórí ṣóńṣó náà sáré, bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tó gbé e ṣánlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbá a gba orí igi. Tábà yẹn nìkan ni owó ọ̀yà tí mo rí nínú gbogbo ìtàn ìdásílẹ̀ náà.

Kò sì yani lẹ́nu. Ọmọ olówó ni wọ́n, ọmọ agbẹjọ́rò, ọmọ oníṣòwò, ọmọ oníṣègùn. Ọjọ́ Sátidé ọwọ́ wọn dilẹ̀. Lójú wọn, kí èèyàn gbowó nítorí pé ó gbá bọ́ọ̀lù dà bí ìgbà tí ẹni tó lálejò bá ń gba owó ìjókòó lọ́wọ́ àlejò. Àmọ́ eré náà kò dúró sọ́dọ̀ wọn. Ó gòkè lọ sí àríwá, sí Yorkshire àti Lancashire, sí ọwọ́ awakùsà èédú àti òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ. Àwọn wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Ẹni tó bá fẹ́ rìn lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú mìíràn ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, owó ọjọ́ náà a sì lọ bẹ́ẹ̀. Wọn kò béèrè owó oṣù. Ohun tí wọ́n ń béèrè ò ju pé kí wọ́n dá owó iṣẹ́ tó sọnù padà fún wọn, bíi ṣílè mẹ́fà lọ́jọ́ kan.

Ní 1893 wọ́n gbé e wá sí ìpàdé RFU ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìbò 282 ní rárá, 136 ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti jókòó rí níbi tí ẹbí ti ń pín ilé bàbá wọn yóò mọ irú ìpàdé yẹn, èyí tí wọ́n ti fi ẹnu kò sí kí àwọn kan tó wọlé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 1895, àwọn kíláàbù àríwá pàdé ní George Hotel ní Huddersfield, wọ́n sì ya kúrò. Eré tiwọn ló di rọ́gíbì oní-13 èèyàn, tó ń sanwó. Ti gúúsù dúró ní oní-15, ó sì di ilẹ̀kùn mú fún ọgọ́rùn-ún ọdún: bí ọmọ wọn kan bá lọ gbowó lọ́dọ̀ àwọn ará àríwá, ó ti di ẹni ìtanù nìyẹn.

Títí di 1987, kò sí líìgì kankan lọ́dọ̀ àwọn oní-15. Àwọn àgbà RFU gbà pé bí líìgì bá wọlé, ojúkòkòrò ló máa tẹ̀ lé e. Nítorí náà akọ̀wé kíláàbù kan á kọ lẹ́tà sí akọ̀wé kejì, wọ́n á dá ọjọ́. Àwọn tí baba wọn ti ń bá ara wọn gbá á láyé àtijọ́ á máa bá a lọ. Bí kíláàbù kékeré bá wá lágbára ju ti ẹni ńlá lọ ńkọ́? Kò sí àtẹ̀gùn tó lè gùn. Àfi kó dúró kí ẹni ńlá kọ lẹ́tà sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti lẹ́tà yìí sọ́kàn.

Ní 1987, Courage, iléeṣẹ́ tó ń pọn bíà, gbé owó kalẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe líìgì àkọ́kọ́. Ní sáà yẹn, àwọn kíláàbù fúnra wọn ló ṣì ń dá ọjọ́ tí wọ́n máa pàdé. Leicester ló gba ife. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bath dé, ó gba líìgì náà lẹ́ẹ̀mẹfà nínú sáà mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, ibẹ̀ sì ni ti wa ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Nínú Bath ìgbà yẹn ni Victor Ubogu wà, Èkó ni wọ́n bí i sí. Steve Ojomoh, tí wọ́n bí sí Benin City. Àti Adedayo Adebayo, ọmọ tí wọ́n bí n'Ìbàdàn, tí ń sá eré létí pápá bí ẹni tí ajá ń lé. Gbogbo wọn ló gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wọn. Ní tòótọ́, owó ti ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ilé tí wọ́n ní àwọn kò fún ẹ, mọ́tò tí wọ́n ní àwọn kò yá ẹ, iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn kò fi ẹ́ sí: gbogbo ayé mọ̀, gbogbo ayé ń wojú ara wọn.

1995 ni gbogbo rẹ̀ tú jáde. Ní oṣù karùn-ún, balógun ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Will Carling, rò pé àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n ti pa ẹ̀rọ wọn, ó wá ní àwọn arúgbó 57 tó ń só ló ń darí eré yìí. Wọ́n gba ipò balógun lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá fi lọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò gbà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ti dá a padà. Ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín ni lóòótọ́, àmọ́ ó fi hàn pé àwọn tó ni àṣẹ lórí ìwé kò ní i lórí pápá mọ́.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún náà, nígbà tí àṣekágbá ife àgbáyé ku ọ̀la ní Johannesburg, àwọn àjọ Gúúsù Áfíríkà, Ọsirélíà àti New Zealand kéde pé iléeṣẹ́ Rupert Murdoch yóò san dọ́là mílíọ̀nù 550 fún àwọn láàárín ọdún mẹ́wàá. Ní ìparí oṣù kẹjọ, Vernon Pugh, ọmọ Wales tó ń sọ̀rọ̀ fún àjọ rọ́gíbì àgbáyé, jáde níwájú oníròyìn ní Paris, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kò sí èèwọ̀ owó mọ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn Huddersfield.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù méjìlá tó tẹ̀ lé e ni mo kà sí ìdásílẹ̀ gan-an, ju ti Pall Mall lọ. Ní New Zealand, àjọ orílẹ̀-èdè sáré tọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ, ó kó ìwé àdéhùn dání, ó gba ìbúwọ́lùwé wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, RFU ní kí gbogbo èèyàn ní sùúrù fún ọdún kan, kí àwọn fi gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Olówó kì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Sir John Hall, tó ni Newcastle United, ti ra kíláàbù rọ́gíbì Newcastle, ó sì ti mú Rob Andrew kúrò ní Wasps wá síbẹ̀. Nigel Wray ra Saracens. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí ọdún kan fi pé, tí RFU ń nu oorun kúrò lójú, àwọn olówó ni wọ́n ń san owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù. RFU ní pápá Twickenham, ó ní owó ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè, ó ní aṣọ funfun tó ní òdòdó pupa láyà. Ọ̀kan ló ni aṣọ, òmíràn ló ni ara tó máa wọ̀ ọ́.

Láti ìgbà náà ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìíní 1996, àwọn kíláàbù kéékèèké dìbò yan Cliff Brittle sí ipò alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ RFU, ẹni tí àwọn olówó kò fẹ́. Àwọn olówó dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Wọ́n ń halẹ̀ pé àwọn á ya kúrò, RFU ń halẹ̀ pé òun á gbé wọn sọ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ tó parí oṣù kìíní 1998, ní Bordeaux, Bath na Brive 19 sí 18, Adebayo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì di kíláàbù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tó gba ife Yúróòpù. Sáà tó tẹ̀ lé e, wọn kò lọ gbèjà ife náà rárá. Gbogbo kíláàbù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kò lọ, nítorí wọ́n ń bá àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ jà lórí owó àti àṣẹ.

Ní 1999, ẹni tó ń náwó lé Richmond lórí ní ó tó. Richmond wà lára àwọn tó jókòó ní Pall Mall ní 1871. London Scottish náà dákú. Wọ́n kó àwọn méjèèjì wọnú London Irish, ni orúkọ wọn bá kúrò nínú líìgì àgbà. Àwọn olólùfẹ́ wọn padà sí ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí pápá tí èèyàn díẹ̀ ti ń mu tíì. Ó yẹ kí ìyẹn jẹ́ àríkọ́gbọ́n. Wọ́n sin òkú, wọ́n sì kọjá lọ.

Ìdí tí owó kì í fi í tó kò ṣòro láti lóye. Kíláàbù kan ń san owó oṣù bíi 40 èèyàn lọ́dún yípo. Nígbà tí ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè bá dé, ní oṣù kọkànlá àti ní oṣù kejì sí ìkẹta, orílẹ̀-èdè á wá kó àwọn tó dára jù nínú wọn lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, líìgì kì í dúró dè wọ́n. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì torí pé ó fẹ́ rí gbajúmọ̀ á bá ọmọ ọdún 20 kan tí kò mọ̀ rí lórí pápá. Gbajúmọ̀ náà wà ní Twickenham, níwájú èèyàn 82,000, RFU sì ni owó ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Ìgbà tó bá padà délé, ó lè jẹ́ pé orókún rẹ̀ ti yẹ̀. RFU ń san owó gbà-má-bínú fún àwọn kíláàbù nítorí èyí: àdéhùn ọdún mẹ́jọ mẹ́jọ, ọ̀kan láti 2008, òmíràn láti 2016. Gbogbo ìgbà tí àdéhùn bá fẹ́ parí ni wọ́n máa ń jẹ iyán ìjà náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kí àwọn olówó má baà na ara wọn pa, wọ́n fi gbèdéke sí owó oṣù ní 1999. Ẹni tó bá ti ṣe àjọ rí mọ̀ pé kì í pẹ́ kí ẹnì kan tó wá ọgbọ́n sí i. Saracens gba líìgì ní 2015, 2016, 2018 àti 2019. Ní oṣù kọkànlá 2019, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ rí i pé owó òwò tí olówó kíláàbù náà bá àwọn agbábọ́ọ̀lù kan pa pọ̀ ṣe kò sí nínú ìṣirò tí wọ́n kó wá. Owó ìtanràn pọ́n-ùn mílíọ̀nù 5.36, àmì 35 yọ kúrò. Ní oṣù kìíní 2020 ó hàn pé wọn kò tíì sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ gbèdéke síbẹ̀, ni wọ́n bá rán wọn lọ sí líìgì kejì. Maro Itoje, tí òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, wà lára àwọn tí kò fi wọ́n sílẹ̀. Òun náà ló di balógun ikọ̀ British and Irish Lions ní 2025.

Bí wọ́n ṣe pín ilé náà wá pọ̀ ju owó oṣù lọ. Àwọn kíláàbù tó wà nínú líìgì àgbà kọ ìpín sórí ara wọn. Ẹni tó bá ní ìpín, bó tilẹ̀ já sí ìsàlẹ̀, owó tẹlifíṣọ̀n ṣì ń tẹ̀ lé e lọ. Ẹni tó bá gun òkè láìní ìpín, díẹ̀ ni wọ́n máa bù fún un nínú ọbẹ̀ kan náà. Ní oṣù kejìlá 2018, CVC, iléeṣẹ́ tó ń ra òwò tó sì ń tà á, san owó tó lé ní mílíọ̀nù 200 pọ́n-ùn, ó gba ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún líìgì náà. Àwọn kíláàbù pín owó náà. Mo rò pé ẹnikẹ́ni tó ti rí ìdílé tí wọ́n ta ilẹ̀ iwájú ilé, tí wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe òkú ìyá àgbà, kò nílò àlàyé ohun tó máa tẹ̀ lé e.

Wasps, tí aṣojú rẹ̀ sọnù ní 1871, ti gba ife Yúróòpù lẹ́ẹ̀mejì kó tó di 2014. Ní ọdún náà ni wọ́n kó ẹrù kúrò ní Wycombe lọ sí Coventry, wọ́n ra pápá ńlá kan níbẹ̀. Ní 2015 wọ́n yá mílíọ̀nù 35 pọ́n-ùn lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, títí kan àwọn olólùfẹ́ tiwọn, pẹ̀lú èlé 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn á dá a padà ní oṣù karùn-ún 2022. Àjàkálẹ̀ àrùn dé láàárín, pápá ṣófo. Oṣù karùn-ún dé, owó kò sí.

Kíláàbù Worcester ló kọ́kọ́ lọ. Gbèsè owó orí ló kó wọn láyà jẹ. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 2022, nígbà tí gbogbo ìlú ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, àwọn agbábọ́ọ̀lù náà jáde ní pápá Sixways, wọ́n na Newcastle 39 sí 5. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, RFU dá kíláàbù náà dúró. Nígbà tó fi di ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, ilé ẹjọ́ ti pa iléeṣẹ́ tí àdéhùn àwọn agbábọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé. Ọjọ́ 17 oṣù yẹn kan náà, Wasps bọ́ sọ́wọ́ alábòójútó onígbèsè, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ èèyàn 167. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 2023, ó kan London Irish, kíláàbù tó gbé Richmond àti London Scottish mì, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sáà náà ní ipò karùn-ún. Topsy Ojo gbá bọ́ọ̀lù fún wọn nígbà tó lé ní 300, ó ti ibẹ̀ lọ sí Auckland ní 2008, ó sì gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà New Zealand lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ London Irish kúrò nínú líìgì àgbà. Kíláàbù 13 ló bẹ̀rẹ̀ sáà yẹn, 10 ló kù láti bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má rò pé àyè tó ṣí sílẹ̀ kò rí ẹni wọ̀ ọ́. Ealing Trailfinders, láti ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, gba líìgì kejì ní 2022 àti ní 2024. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, wọn kò jẹ́ kó wọlé. Òfin ìgbà yẹn ní pápá ẹni tó bá fẹ́ gòkè gbọ́dọ̀ gba èèyàn 10,001. Ti Ealing gba 5,000. Ẹnì kan yẹn tó wà lẹ́yìn 10,000 ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, bí ẹni pé agbowó-orí kan jókòó sídìí ẹnu ọ̀nà, tó ń ka orí. London Welsh ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn níwájú ìgbìmọ̀ kan kí wọ́n tó gòkè ní 2012. Wọ́n padà gòkè ní 2014, wọ́n gbá ìdíje 22, wọ́n pàdánù gbogbo rẹ̀, kò sì pẹ́ tí kíláàbù náà fi tú ká. Jersey Reds gba líìgì kejì ní 2023, owó tán nílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà. Lẹ́tà àwọn akọ̀wé àtijọ́ kò tíì parí. Ó kàn yí padà di ìlànà pápá.

RFU fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìgbìmọ̀ rẹ̀ tó lé ní 60 èèyàn ṣì wà, àwọn aṣojú ìpínlẹ̀, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfurufú, Oxford pẹ̀lú Cambridge, oníkálukú ní àga tirẹ̀. Ní 2021 wọ́n fi Tom Ilube ṣe alága, ọmọ tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó kàwé gboyè ní Yunifásítì Benin, èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn. Ìparí 2024, ìwé ìṣirò jáde: àdánù mílíọ̀nù 37.9 pọ́n-ùn, àwọn òṣìṣẹ́ kan ti pàdánù iṣẹ́ wọn, ọ̀gá àgbà Bill Sweeney sì gba mílíọ̀nù 1.1. Ilube fi ipò sílẹ̀ láàárín oṣù kejìlá. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 2025, àwọn kíláàbù kéékèèké pe ìpàdé pàjáwìrì láti yọ Sweeney. Ìbò 206 ní kó lọ, 466 ní kó dúró. Àwọn tó pe ìpàdé kò sọ pé owó oṣù nìkan ló bí àwọn nínú. Wọ́n ní eré ń kú lábúlé nígbà tí gbogbo ojú wà lókè.

Ní oṣù kẹsàn-án 2024, RFU àti àwọn kíláàbù àgbà ti buwọ́ lu àdéhùn ọdún mẹ́jọ mìíràn, ó kéré tán mílíọ̀nù 264 pọ́n-ùn. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti gbà pé agbábọ́ọ̀lù 25 lè ní ìwé àdéhùn tí RFU àti kíláàbù jọ máa fọwọ́ sí. Ọdún 29 lẹ́yìn Paris ni wọ́n tó jọ di ọmọ kan mú lọ́wọ́ méjì.

Newcastle, tí Sir John Hall rà ní 1995, tó gba líìgì ní 1998, wá di ẹni tó ń parí sáà ní ìsàlẹ̀ tábìlì nígbà tó yá. Ní àwọn sáà yẹn, kì í já sílẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí wọ́n jẹ́ kó gòkè wá gba àyè rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2025, ilé iṣẹ́ kan láti Austria tó ń ta ohun mímu nínú agolo wá rà á. Wọ́n pa orúkọ Falcons tí kíláàbù náà ń jẹ́ rẹ́. Newcastle Red Bulls ló ń jẹ́ báyìí.